Bọ́ọ̀dù ti pọ̀ jù lórí Trello wa: báwo lẹ ṣe ń tètè rí èyí tí ẹ ń wá?

Akọ̀wé_Sólà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìbàdàn ni mo wà, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn to sólà àti ínfátà sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Trello ọ̀fẹ́ la ń lò, ìyẹn áàpù tí a fi ń to iṣẹ́ sórí ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù, ẹni tó tò ó kalẹ̀ fún wa sì ti já pa lọ sí Kánádà. Bó ṣe tò ó ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù 10 ni Workspace ọ̀fẹ́ kan (ibi tí bọ́ọ̀dù ń kó jọ sí) ń gbà, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àkọ́kọ́ kún, ó ṣí òmíràn. Ìyẹn náà kún, ó tún ṣí òmíràn. Mẹ́rin ni wọ́n báyìí: "Sólà", "Sólà 2", "Sólà tuntun" àti "Sólà tuntun gan-an".

Ọ̀gá á pè láti ojú iṣẹ́: "Bátìrì mélòó la kọ fún Alhaji Bódìjà?" Ó di kí n máa ti inú Workspace kan bọ́ sí òmíràn. "Alhaji Bodija" wà níbẹ̀, "Alhaji Bódìjà 2" wà níbẹ̀, "Bodija new" náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò sì tilẹ̀ jẹ́ ti Alhaji kankan, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Lórí fóònù ló wá burú jù. Èmi ń fa ojú ìwé wálẹ̀, ọ̀gá ń pariwo "halóò, halóò" sí mi létí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ má ní kí a lọ sanwó o. Ọ̀gá ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Fọ́tò_Ọ̀ṣogbo
Ẹ fi ìràwọ̀ sí èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ ṣí bọ́ọ̀dù náà, àmì ìràwọ̀ kan wà lókè rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà lọ, òkè pátápátá ni bọ́ọ̀dù yẹn á máa wà ní ojú ìwé Boards, ibi yòówù kó wà nínú Workspace mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín. Ayàwòrán ni mí, Sátidé kan ṣoṣo lè gbé ìgbéyàwó méjì àti òkú àgbà kan wá. Àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn nìkan ló ń gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti kó fọ́tò fún oníbàárà, tí òun náà ti san èyí tó kù, mo yọ ọ́. Torí bí gbogbo wọn bá ní ìràwọ̀, ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ padà sí.

Akọ̀wé_Sólà
Ẹ ṣeun. Bí mo bá fi sí i, ṣé ọ̀gá náà á rí i lórí tirẹ̀?

Fọ́tò_Ọ̀ṣogbo
Rárá o. Ìràwọ̀ yín, tiyín ni. Kí àwọn náà fi tiwọn sí i.

Mọ́gàjí_Téèkì
Ìràwọ̀ dáa, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ìyọnu yín ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ni. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Bodija new" kì í ṣe orúkọ, torí oṣù tó ń bọ̀ òmíràn tó tún tuntun jù ú lọ á dé. "2" náà ò sọ nǹkan kan: ṣé iṣẹ́ kejì tí Alhaji kan náà gbé wá ni, àbí Alhaji kejì?

Ẹ mú ìlànà kan, kí ẹ sì dúró lórí ẹ̀. Èmi á fi àdúgbò síwájú, ọdún àti oṣù á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ín àti ohun tí ẹ ń ṣe fún un: "BDJ 2025-03 Alhaji ilé alájà méjì 5kVA". BDJ dúró fún Bódìjà. Ẹ wo ìdí tó fi jẹ́ pé àdúgbò ló ṣíwájú. Ní ojú ìwé Workspace kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè ní kí ó to bọ́ọ̀dù ní A dé Z, dípò èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo BDJ á dúró pọ̀, gbogbo AKB, ìyẹn Akóbọ̀, á dúró pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù kì í fi gbogbo orúkọ hàn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá fi "Iṣẹ́ oníbàárà wa" bẹ̀rẹ̀ gbogbo orúkọ, kò sí èyí tó máa dá mọ̀ nínú wọn.

Ohun kan tí kì í wá sọ́kàn ènìyàn: àmì ohùn. Ẹ̀yin fúnra yín kọ "Bodija" níbì kan, ẹ kọ "Bódìjà" níbòmíràn. Mo fẹ́ràn kí á máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa, ẹ wo bí mo ṣe ń kọ̀wé níbí. Àmọ́ nínú orúkọ bọ́ọ̀dù, tí ẹni mẹ́fà á máa tẹ̀ wá lórí fóònù oríṣiríṣi, ẹ mú ọ̀nà kan, ẹ má ṣe yí i padà. Àwa ò fi àmì sí i lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde
Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe "Mummy Tọ́pẹ́" lẹ kọ síbẹ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan tí Mummy Tọ́pẹ́ mẹ́ta wà nínú ìwé gbèsè wọn, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ti san.

Ará_Manchester
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Mọ́gàjí sọ. Jira, áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́, la ń lò níbi iṣẹ́ mi, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti Trello báyìí, torí Atlassian tó ṣe Jira ló ra Trello lọ́dún 2017, mílíọ̀nù 425 dọ́là ni wọ́n rà á. Lórí Jira, iṣẹ́ àkànṣe kọ̀ọ̀kan ní àmì kúkúrú tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, nǹkan tí ẹ bá sì dá sílẹ̀ nínú rẹ̀ á gba nọ́ńbà: BDJ-1, BDJ-2, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé kan wà tó to gbogbo iṣẹ́ àkànṣe kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, àmì àti ẹni tó ń darí wọn, ìràwọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Mi ò kì í débẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè mí pé "wo BDJ-14", mo tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwárí, mo ti débẹ̀ nìyẹn.

Trello kì í fún yín ní irú àmì yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe tiyín. Ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iye owó tí ẹ fún oníbàárà, kí àwọn tó lọ so ó mọ́lẹ̀ fi máákà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, oníbàárà fúnra rẹ̀ á ka nọ́ńbà náà fún yín lórí fóònù. Kò ní di pé kí ẹ máa bi í pé Alhaji èwo nínú wọn.

Ìyá_Ìbejì_Òǹtẹ̀wé
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ẹ ti sọ̀rọ̀ orúkọ. Èmi fẹ́ béèrè ohun kan: kí ló dé tí oníbàárà fi ní bọ́ọ̀dù?

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní ní Abẹ́òkúta. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀. Bí mo bá ní kí n ṣí bọ́ọ̀dù fún ìwé ètò ìsìnkú kọ̀ọ̀kan, Workspace ọ̀fẹ́ mi ò ní lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kún. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo ní fún iṣẹ́, káàdì kan sì ni iṣẹ́ kan. Lísìtì tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Àkọsílẹ̀ tiyín lè lọ báyìí: Wọ́n béèrè, A ti yẹ ilé wò, Owó ti wọlé, Ó wà lójú iṣẹ́, Ó ku ìdánwò, A ti parí. Bí iṣẹ́ bá ti tẹ̀síwájú, ẹ gbé káàdì rẹ̀ lọ sí lísìtì tó kàn. Trello ò fi iye sí káàdì bó ṣe fi sí bọ́ọ̀dù, 10 yẹn ò kàn yín mọ́.

Inú káàdì náà tó gbogbo nǹkan: ẹ kọ iye bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì sórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ so fọ́tò òrùlé mọ́ ọn, ẹ to àwọn nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ kí wọ́n máa máàkì í, ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní label aláwọ̀ tirẹ̀, Bódìjà á gba àwọ̀ ewé, Akóbọ̀ á gba òféfèé, ohun tó bá wù yín. Ẹni tí kò fẹ́ ka ìwé púpọ̀ á fi àwọ̀ dá a mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí kò gbádùn ìwé kíkà, àwọ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀gá rẹ pè? Bọ́ọ̀dù kan ni, tẹ F lórí kọ̀ǹpútà, kọ Bodija, káàdì tí kò bá Bodija mu á kúrò lójú. Ó tán.

Akọ̀wé_Sólà
Ìyá Ìbejì! Ẹ ò ṣe ti wà níbí látọjọ́ yìí?

Baba_Sáfà
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ fún iṣẹ́ kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òfin. Káàdì ò gba ohun gbogbo. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá rí iṣẹ́ ẹ́sítéètì tó ní ilé ogún, tí àwọn kọngílá mìíràn wà lórí ẹ̀, ìyẹn tó bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Èyí tó sì ń ká mi lára jù ni ẹni tó ń rí kí ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń rí gbogbo káàdì tó wà níbẹ̀. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi káàdì kan pa mọ́ fún ọmọ iṣẹ́ kan. Nígbà tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀dù, ẹni tó ń ṣe ti Akóbọ̀ ò mọ iye tí ará Bódìjà san. Bí ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀, á mọ̀ ọ́n, oníbàárà sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òǹtẹ̀wé
Mo gbà. Lọ́dọ̀ mi, owó ò sí lórí bọ́ọ̀dù iṣẹ́. Bọ́ọ̀dù kejì wà tó jẹ́ ti owó, èmi àti ẹni tó ń bá mi ṣe ìṣirò nìkan la wà níbẹ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ kan náà la kọ sórí méjèèjì kí wọ́n lè bá ara wọn mu. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rí "iye 300, bébà dídán", wọn ò rí iye tí mo gbà.

Ará_Manchester
Ohun tí Jira fi ṣe ìyẹn náà ni pé iṣẹ́ àkànṣe kọ̀ọ̀kan ní àwọn tí wọ́n fún láyè. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì nínú ọ́fíìsì kan fi lè ṣí ojú ìwé kan náà, kí ọ̀kan rí nǹkan púpọ̀, kí èkejì má rí ju díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní "mi ò rí i lórí tèmi", ẹ yẹ àyè rẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Akọ̀wé_Sólà
Mo ti gbọ́. Bọ́ọ̀dù méjì, káàdì kan fún iṣẹ́ kan, nọ́ńbà níwájú. Ìbẹ̀rù mi ni bí mo ṣe máa kúrò nínú Workspace mẹ́rin yìí láìpàdánù nǹkan kan. Ṣé kí n pa àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ rẹ́ ni?

Baba_Sáfà
Má pa nǹkan kan rẹ́, ọmọ mi. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ni. Nínú mẹ́nù bọ́ọ̀dù, "Close board" ni kí o tẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí a bá ti pa dé á kúrò nínú àtòkọ, kì í sì í wà nínú 10 yẹn mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá tún fẹ́ ẹ, lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé Boards, wàá rí "View all closed boards", ibẹ̀ lo ti lè tún un ṣí. Èyí tó ń pa á rẹ́ pátápátá jẹ́ nǹkan mìíràn, ó sì máa ń fara hàn lẹ́yìn tí o bá ti pa bọ́ọ̀dù dé. Má fọwọ́ kan án. Kò sí ẹni tó máa bá ọ dá a padà.

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, ohun kan wà tó ṣe pàtàkì jù. Admin bọ́ọ̀dù, ìyẹn alábòójútó rẹ̀, ló lè pa á dé. Ta ni admin? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó wà ní Kánádà yẹn nìkan. Ṣí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wo ẹni tí wọ́n kọ admin sí. Bó bá jẹ́ òun nìkan, bẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp pé kó sọ ìwọ àti ọ̀gá di admin ní gbogbo bọ́ọ̀dù àti ní Workspace mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí nígbà tó ṣì ń dá ẹ lóhùn. Bí íméèlì tó fi ṣí i bá ti di èyí tí kò lò mọ́, ọ̀rọ̀ á lọ́jú pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ṣí bọ́ọ̀dù tuntun, kí o fi àwọn ènìyàn sí i ṣáájú kí o tó gbé nǹkan kan wọ̀ ọ́. Ìdí ni pé bí o bá gbé káàdì lọ sórí bọ́ọ̀dù tí ẹnì kan ò sí, orúkọ ẹni náà á já kúrò lára káàdì. Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ni kí o kọ́kọ́ kó. Ṣí káàdì, tẹ "Move", mú bọ́ọ̀dù tuntun àti lísìtì tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ àti fọ́tò á bá a lọ.

Àwọn iṣẹ́ tó ti parí, má fi wọ́n da ara rẹ láàmú. Ṣe káàdì kan ṣoṣo fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nínú "A ti parí", kọ kókó ohun tí ẹ so mọ́lẹ̀ fún un, lẹ líǹkì bọ́ọ̀dù àtijọ́ mọ́ ọn, kí o wá pa bọ́ọ̀dù náà dé. O lè yí orúkọ bọ́ọ̀dù padà bó ṣe wù ẹ́, líǹkì yẹn ò ní tìtorí ẹ̀ bàjẹ́, torí lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé /b/ ló ń mú ènìyàn débẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde
Ó dà bíi pé Baba ti rí nǹkan rí.

Baba_Sáfà
Redmine, irú áàpù ìtọ́jú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, ni mò ń tọ́jú, lórí sáfà tiwa. Níbẹ̀, "close" àti "archive" kì í ṣe ìkan náà. Èyí tí wọ́n bá "close", gbogbo ènìyàn ṣì lè kà á, kàn jẹ́ pé wọn ò lè yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá "archive" kúrò lójú gbogbo ènìyàn àyàfi admin. Olùkọ́ kan á wá bá mi pé iṣẹ́ ìwádìí òun ti pòórá, ẹnì kan ló tẹ ekejì dípò ekìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọmọ yìí pé kó mọ ohun tó ń tẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo Redmine níbí: àpótí "Jump to a project" wà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ kọ lẹ́tà díẹ̀ sí i, ó ju kí ẹ máa yí àtòkọ lọ. Ẹ sì fara balẹ̀ yan identifier, ìyẹn àmì iṣẹ́ náà tó ń wà nínú líǹkì rẹ̀, ẹ lè yí orúkọ padà, ẹ ò lè yí ìyẹn padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Fọ́tò_Ọ̀ṣogbo
Fún àwọn tó jẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n ń lò lójú iṣẹ́: ẹ mú líǹkì bọ́ọ̀dù náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àlàyé ẹgbẹ́ WhatsApp ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò rí i, "wo àlàyé ẹgbẹ́" ni èsì rẹ̀.

Ará_Manchester
Àwọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ní tiwọn. B ń ṣí àtòkọ bọ́ọ̀dù láìfọwọ́ kan máúsì. Q ń fi káàdì tí wọ́n yàn fún ọ nìkan hàn, X ń mú gbogbo asẹ́ kúrò. "/" ń gbé ọ lọ sínú àpótí ìwárí. Bí o bá wà nínú ibi tí o ti ń kọ̀wé, wọn ò ní ṣiṣẹ́, lẹ́tà lásán lo máa rí.

Nínú àpótí ìwárí yẹn, ẹ gbìyànjú `@me due:week`, káàdì tí wọ́n yàn fún ọ tí ọjọ́ rẹ̀ máa tó láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló máa jáde, bọ́ọ̀dù yòówù kó wà. `is:starred` á mú wá láti inú àwọn bọ́ọ̀dù oníràwọ̀ nìkan. Èyí dáa fún ọ̀gá tí kò fẹ́ mọ ibi tí nǹkan wà, tó kàn fẹ́ mọ ohun tó kù ní ṣíṣe.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde
Gbogbo ẹ̀ dáa. Ta ló wá lè ṣí bọ́ọ̀dù tuntun? Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ṣí ọ̀kan fún ọjọ́ ìbí ọ̀gá, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, àárín iṣẹ́ oníbàárà méjì.

Mọ́gàjí_Téèkì
Ìdènà fún ìyẹn wà lórí Trello, àmọ́ àwọn tó ń san owó ló wà fún. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́: akọ̀wé nìkan ló ń ṣí bọ́ọ̀dù, òun náà ló ń fún iṣẹ́ ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, kó béèrè. Bí ẹni méjì bá ń fún iṣẹ́ ní nọ́ńbà, láìpẹ́ ẹ máa ní BDJ-14 méjì.

Akọ̀wé_Sólà
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ẹni ti Kánádà sọ̀rọ̀, ó ti sọ mí di admin níbi gbogbo. Mo ti kó àwọn tó ń lọ lọ́wọ́ sórí bọ́ọ̀dù tuntun, mo ti pa "Sólà tuntun gan-an" dé látòkè délẹ̀. Àwọn lísìtì Ìyá Ìbejì ni mo lò, mo kàn fi "Ó ń dúró de NEPA" kún un fún àwọn tí wọ́n fẹ́ so pọ̀ mọ́ iná ìjọba. Ìbéèrè kan ló kù: lísìtì "A ti parí" ti ń gùn. Ṣé kí ó máa gùn lọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Òǹtẹ̀wé
Rárá. Ní ìparí oṣù, mẹ́nù lísìtì yẹn ní ibi tó ti lè kó gbogbo káàdì inú rẹ̀ lọ sí archive, ibi ìpamọ́ ti Trello, lẹ́ẹ̀kan. Kó wọn lọ. Fi àwọn tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀, gbé wọn sí lísìtì mìíràn kí o tó kó o.

Ará_Manchester
Wọn ò sì sọnù. Bí oníbàárà bá pè lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú `is:archived` sínú àpótí ìwárí, káàdì rẹ̀ á jáde.